Ọjọ́ Là Ń Rà: Láti Orí Àpáta Adó-Àwáyè Dé Ìdí Òfì Ìsẹ́yìn

Kí ẹsẹ̀ mi tó kan àkọ́kọ́ nínú àtẹ̀gùn 369 tó gun òkè Adó-Àwáyè, iṣu ni mo kọ́kọ́ rí. Wọ́n ti bẹ ẹ́, wọ́n ti gé e, wọ́n sì sá a sórí àpáta pẹrẹsẹ bí ìgbà tí ènìyàn tẹ́ ẹní. Ọyẹ́ ń fẹ́, oòrùn àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mú bọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́ iṣu náà, ó ń yí i padà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń yí ọmọ tó ti fi ẹ̀gbẹ́ kan sùn jù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá."

"Òo, káàbọ̀, ọmọ mi. Rọra o, má tẹ ọkà mi mọ́lẹ̀."

"Ọjọ́ mélòó ni yóò gbà kó tó gbẹ, Mà?"

Ó gbójú sókè, ó wo ojú ọ̀run, ó ní, "Ó dọwọ́ oòrùn."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí kò kúrò lọ́kàn mi títí mo fi kúrò ní Òkè-Ògùn. Iṣu ṣì ni ohun tó wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń pè é ní ọkà. Ó ti rí àwo àti ọbẹ̀ níbi tí èmi ti ń rí iṣu lásán. Gbogbo làálàá tó sì ti ṣe, láti orí bíbẹ iṣu dé orí rírù ú gun àpáta, kò ka ọ̀kankan sí tirẹ̀. Oòrùn ló fi iṣẹ́ náà fún.

Ọ̀pọ̀ àlejò tó ń wá sí Adó-Àwáyè, nítorí ohun tó wà lórí òkè ni wọ́n ṣe ń wá: adágún omi Ìyàkẹ́ tó dúró sí góńgó àpáta láìṣàn lọ síbì kankan, òkúta Ìṣàgè tó dà bí ẹni pé afẹ́fẹ́ lásán ló gbé e ró, àti ibi tí wọ́n ń pè ní Ẹsẹ̀ Kan Ayé Ẹsẹ̀ Kan Ọ̀run. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á wọkọ̀ padà sí Ìbàdàn tàbí Èkó. Bí èmi náà ṣe ṣe nìyẹn nígbà àkọ́kọ́. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí a máa ń yà fún lẹ́sẹ̀ òkè kí a má baà tẹ̀ ẹ́.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Oúnjẹ Òkè-Ògùn àti iṣẹ́ ọwọ́ Òkè-Ògùn, ọjọ́ ni wọ́n fi ń ṣe wọ́n. Ẹni tó bá rà wọ́n, nínú ọjọ́ ayé ẹlòmíràn ló rà. Bí a kò bá mọ ọjọ́ tó wà nínú nǹkan, a kò lè mọ iye tó yẹ ká san lé e, ohun tí a kò bá sì san iye rẹ̀, kì í pẹ́ kó tó wọ́n wa lójú.

Ọkà loògùn

Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wàá ló para pọ̀ jẹ́ Òkè-Ògùn, láti Ìsẹ́yìn títí dé ìhà Ṣakí, níbi tí odò Ògùn ti ń sun. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Igi rẹ̀ kò kún bíi ti ìhà ìsàlẹ̀ tí kòkó ń so, òjò rẹ̀ kò sì pọ̀ tó tiwọn. Ṣùgbọ́n oòrùn ń bẹ, àpáta ń bẹ, ọyẹ́ ń bẹ. Ohun mẹ́ta tí àjèjì lè kà sí ìyà yìí ni àwọn obìnrin ibẹ̀ sọ di ohun èlò iṣẹ́.

Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀lùbọ́. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á gé e, wọ́n á dà á sínú omi gbígbóná, ṣùgbọ́n wọn kò ní jẹ́ kó jinná. Wọ́n á bò ó, wọ́n á jẹ́ kó sùn sínú omi náà. Bí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á kó o jáde, wọ́n á gbé e lọ sórí àpáta. Àpáta yìí kò ní eruku bíi ilẹ̀, ó sì máa ń gba ooru sára, tó jẹ́ pé bí oòrùn ti ń gbẹ iṣu lókè ni òkúta ń gbẹ ẹ́ nísàlẹ̀. Lójoojúmọ́ ni wọ́n á máa yí i. Bí ìkùukùu bá ṣú láìròtẹ́lẹ̀, tọmọdé tàgbà ni yóò sáré jáde láti kó o wọlé, nítorí iṣu tí òjò bá pa yóò bu. Ìgbà tó bá le kankan, tí wọ́n lù ú tó dún bí igi, ó ti di gbódo nìyẹn. Gbódo ni wọ́n ń lọ̀, tí wọ́n ń jọ̀, tó ń di ẹ̀lùbọ́.

Àwọn baba wa ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé àwàdà ni. Ní Òkè-Ògùn ni òwe náà tó yé mi. Iyán, iṣu tó wà lọ́wọ́ lónìí ni à ń gún. Ọkà ni à ń tọ́jú de ìgbà tí iṣu bá tán nínú abà, nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí iṣu tuntun kò tíì ta. Ẹni tó sá gbódo lọ́yẹ́ ti ra oògùn ebi sílẹ̀ kí ebi tó dé.

Nígbà tí omi bá hó tí ẹ̀lùbọ́ wọ inú rẹ̀, tí orógùn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọ̀ eérú yẹn á yí padà, á dú, á máa dán. Gbẹ̀gìrì á tẹ̀ lé e: ẹ̀wà tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sè títí tó fi rọ̀, tí wọ́n fi ìjábẹ̀ lù títí kò fi ní kókó kankan nínú mọ́. Ìjábẹ̀ kan náà ni wọ́n fi ń lu ewédú. Tí méjèèjì bá pàdé lórí ọkà, tí ọbẹ̀ ata bọ́ sí àárín wọn, à ń pè é ní àbùlà. Lónìí, kò sí ìlú ńlá ní ilẹ̀ Yorùbá tí o kò ti ní rí i. Wọ́n ń tà á ní Peckham ní London, wọ́n ń tà á ní Houston. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní Houston, oòrùn orí àpáta wa ló jẹ.

Igi tí àgbẹ̀ kì í gé

Bí o bá ń wakọ̀ láti Adó-Àwáyè lọ sí Ìsẹ́yìn, tó tó nǹkan bí ogún kìlómítà, wo inú oko lápá ọ̀tún àti òsì. Àgbẹ̀ ti gé igi yòókù, ṣùgbọ́n àwọn kan dúró gedegbe láàárín ebè. Nínú wọn ni igi igbá wà. Èso rẹ̀ ni à ń fi ṣe irú. Wọ́n á sè é fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á bó èèpo rẹ̀, wọ́n á tún un sè, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀ títí ọjọ́ díẹ̀ yóò fi kọjá tí òórùn rẹ̀ yóò fi jáde. Ìdílé kan fẹ́ràn irú wooro, òmíràn fẹ́ràn irú pẹ̀tẹ̀, ṣùgbọ́n irú méjèèjì ló gbọ́dọ̀ sùn kó tó jí.

Bí a bá tún ń lọ sókè, sí ìhà Ṣakí, igi òrí ń pọ̀ sí i. Igi yìí kì í kánjú: ó lè tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí ogún kó tó so dáadáa. Àwọn obìnrin ló ń ṣa èso rẹ̀ nígbà òjò, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń sá a, tí wọ́n ń pa á, tí wọ́n ń yan án, tí wọ́n ń lọ̀ ọ́, tí wọ́n sì ń fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá yóò fi léfòó. Ọwọ́ ń ro wọ́n. Ọ̀rá funfun tí à ń fi pa ọmọ tuntun lára, tí à ń fi pa oríkèé arúgbó, inú ìrora apá yẹn ló ti jáde.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fòfin de kíkó èso òrí tí a kò tíì ṣe jáde kúrò ní Nàìjíríà fún oṣù mẹ́fà. Ìjọba ṣàlàyé pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún èso òrí gbogbo ayé tó ń ti Nàìjíríà jáde, ṣùgbọ́n ìdá kan péré nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú òwò náà ló ń wọlé wá. Ohun tí nọ́ḿbà méjì yẹn ń sọ ni pé èso là ń tà, ẹlòmíràn ló ń ta ọjọ́. Àwa ń kó hóró jáde nínú àpò, wọ́n ń kó ìpara padà wá nínú ìgò kékeré, ìyàtọ̀ tó wà láàárín owó méjèèjì ni iṣẹ́ tí ìyá tó wà ní Òkè-Ògùn mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Mi ò lè fi oúnjẹ sílẹ̀ láì mẹ́nu ba wàrà. Àwọn obìnrin Fúlàní ló ń gbé e wá sọ́jà nínú igbá. Wọ́n á gbé wàrà màlúù kaná, wọ́n á fi omi ewé bomubómu sí i, á dì, wọ́n á bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ kékeré kí omi rẹ̀ ro dànù. Ìdí nìyẹn tí àpá apẹ̀rẹ̀ fi máa ń wà lára rẹ̀. Ìyá Yorùbá á rà á, á dín in, á sọ ọ́ sínú ọbẹ̀ ata, á gbé e ka iwájú ọkọ bí ẹni gbé ẹran. Ìjà àgbẹ̀ àti darandaran ti dá ọgbẹ́ sí ìhà wa yìí, ọgbẹ́ náà kò sì tíì jinná. Ṣùgbọ́n bí mo bá rí wàrà nínú ọbẹ̀ Yorùbá, mo máa ń rántí pé kí ìjà tó dé ni obìnrin méjì ti jọ ń se oúnjẹ kan náà, tí ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní gáà, tí èkejì parí rẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Orúkọ méjì, aṣọ kan

Ní Ìsẹ́yìn, kí ojú tó rí òfì ni etí ti ń gbọ́ ọ. Ìró igi tó ń kan igi ni, ó ń lọ ṣáá, ó ń ti abẹ́ àtíbàbà kan bọ́ sí òmíràn. Lábẹ́ àtíbàbà, àwọn ahunṣọ jókòó ní ìlà, òwú sì nà lọ gbọọrọ níwájú olúkúlùkù wọn, tí òkúta tàbí ẹrù wíwúwo mìíràn fà á le lópin. Bí aṣọ ti ń gùn lọ́dọ̀ ahunṣọ ni òkúta náà ń wọ́ díẹ̀díẹ̀ bọ̀ wá bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí ìtẹsẹ̀, tó ń gbé apá kan òwú sókè tó ń tẹ apá kejì sílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń ju ọ̀kọ̀ láti ọ̀tún sí òsì. Aṣọ tó ń jáde kò ju bí ìwọ̀n ìbú àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kí ó tó di agbádá tàbí ìró, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ gé e, kí wọ́n sì rán wọn mọ́ ara wọn.

Àwa tí à ń rà á ń pè é ní aṣọ òkè. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé àwọn ará Èkó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ló ti ń wá. Àwọn tí ń hun ún ń pè é ní aṣọ òfì. Mo ti ronú sí orúkọ méjèèjì yìí púpọ̀. Ẹni tó rà á fi ibi tó ti wá sọ ọ́ lórúkọ. Ẹni tó hun ún fi iṣẹ́ tó ṣe é sọ ọ́ lórúkọ. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbìyànjú láti pè é ní orúkọ tí ahunṣọ ń pè é.

Mẹ́ta làwọn àgbà ń kà nínú rẹ̀ bí ẹni ka ọmọ ọba. Ẹtù ni èyí tó dú bí ojú ọ̀run alẹ́, tí ìlà tín-ín-rín funfun tàbí búlúù ń kọjá lára rẹ̀. Aró ẹ̀lú ló fún un ní àwọ̀, kì í sì í ṣe ìrẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan. Sányán ní àwọ̀ bí ilẹ̀ tó gbẹ. Ara ìtẹ́ tí kòkòrò kan ń hun sórí igi nínú igbó ni wọ́n ti ń rí òwú rẹ̀: wọ́n á ṣa ìtẹ́ náà, wọ́n á sè é pẹ̀lú omi eérú, wọ́n á ran án. Àlàárì ni pupa, òwú rẹ̀ láyé àtijọ́ sì ti rìn jìnnà ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Láti etí òkun Àríwá Áfíríkà ni ràkúnmí ti ń rù ú la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún wa pé ìlú wa wà ní kọ̀rọ̀ kí ojú òde òní tó là.

Nígbà tí Hugh Clapperton, ará Scotland, ń gba ilẹ̀ wa kọjá lọ sí Ọ̀yọ́ Ilé ní oṣù Kejìlá ọdún 1825, ó dúró ní ìlú Ìjànà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rí òfì tí wọ́n fi ń hun aṣọ, òun sì rí ilé aró mẹ́ta, tí ìkòkò tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní ogún. Ẹ fojú inú wo ó: ó lé ní ọgọ́ta ìkòkò aró nínú ìlú kan ṣoṣo. Àwọn aláró tó ń jó igi di eérú, tí wọ́n ń sẹ́ omi rẹ̀, tí wọ́n ń gún ewé ẹ̀lú, kò sí orúkọ ẹnì kan nínú wọn nínú ìwé náà. Àwa Yorùbá ní ìkíni tiwọn lọ́tọ̀: àrẹ̀dú o! Ní Ìgbẹ́tì, ní ìhà àríwá Òkè-Ògùn, òkè ńlá kan ṣì ń jẹ́ orúkọ Ìyámàpó, òrìṣà tí àwọn àgbà mọ̀ bí ìyá iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, tí aláró àti amọ̀kòkò ń ké sí. Ilẹ̀ tó fi odidi òkè sọrí iṣẹ́ ọwọ́ mọ iyì iṣẹ́ nígbà kan.

Ohun tí àwọn ará Philippines ṣe

Lórílẹ̀-èdè Philippines, tó wà ní Éṣíà, àwọn kan náà ń hun aṣọ lọ́nà tó jọ tiwa. Ní ìpínlẹ̀ Aklan, ewé ọ̀pẹ̀yìnbó ni wọ́n ń ha títí tí okùn tín-ín-rín inú rẹ̀ yóò fi jáde, wọ́n á so ó mọ́ra ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi hun aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń pè ní piña. Ní erékùṣù Mindanao, lẹ́bàá adágún Sebu, àwọn obìnrin T'boli ń hun t'nalak láti ara okùn abacá, igi tó bá ọ̀gẹ̀dẹ̀ tan. Wọ́n ní ojú àlá ni ọnà tí wọ́n ń hun ti ń wá, pé Fu Dalu, ẹ̀mí tó ni abacá, ló ń fi hàn wọ́n. Nígbà tí mo kà á, Ìyámàpó ni mo rántí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wú mi lórí jù ni òfin wọn. Ní ọdún 1992, wọ́n ṣe òfin pé kí ìjọba máa yan àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́, kí wọ́n máa fún wọn lówó, kí àwọn náà sì máa kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́. Ní 1998, wọ́n fi oyè ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ yìí dá Lang Dulay lọ́lá, obìnrin T'boli tó ń hun t'nalak. Títí tó fi kú ní 2015, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú rẹ̀. Kì í ṣe aṣọ rẹ̀ nìkan ni ìjọba kà sí. Ọjọ́ rẹ̀ ni wọ́n rà, kí ó lè fi kọ́ ẹlòmíràn.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, nígbà tí ìgbìmọ̀ UNESCO jókòó ní Kasane ní Botswana, wọ́n kọ aṣọ piña ti Aklan sínú àkójọ àṣà tó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ní ìjókòó kan náà ni wọ́n kọ Ọdún Ṣàngó ti Ọ̀yọ́ sí i. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kente àwọn ará Ghana wọlé. Inú mi dùn sí Ṣàngó. Mo sì ń retí ọjọ́ tí aṣọ òfì yóò gba àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí orúkọ bá wọ ìwé ní Kasane, tí àtíbàbà ní Ìsẹ́yìn sì ṣófo, kí la rí gbà?

Àtíbàbà náà kò tíì ṣófo. Nígbà kan, ọkùnrin ló ń jókòó sídìí òfì, obìnrin sì ń hun kíjìpá lórí òfì tó dúró gbọnrangandan mọ́ ara ògiri. Lónìí, àwọn ọmọbìnrin ti wà nínú ìlà pẹ̀lú àwọn ọkùnrin, wọ́n ń ju ọ̀kọ̀ tọ̀yàyàtọ̀yàyà. Àwọn àgùnbánirọ̀ tó ń wá sí àgọ́ Ìsẹ́yìn ń ra aṣọ lọ sí ilé. Àmọ́, ilẹ̀ òkèèrè ni ọ̀pọ̀ òwú ti ń wá báyìí, bí dọ́là bá gbéra, owó òwú á gbéra. Ẹ̀rọ òkèèrè tún ti ń ṣe aṣọ tó fojú jọ òfì ní wákàtí díẹ̀. Ọ̀dọ́ tó rí i pé òun lè fi ọ̀kadà rí ní ọjọ́ kan ohun tí òfì yóò fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta, ta ni yóò bá a wí?

Ìka mẹ́jọ

Ní ọjọ́ tí mo fẹ́ kúrò ní Ìsẹ́yìn, mo dúró lọ́dọ̀ bàbá kan tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ń hun lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹtù kan wà lọ́rùn okùn, ìró àti gèlè, ó wù mí fún ìyá mi. Bàbá dá iye. Ọmọ Yorùbá ni mí, mo ná an. Mo bọ́ sí ìdajì, bí gbogbo wa ṣe máa ń ṣe.

Bàbá kò bínú. Ó gbé ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó na ọwọ́ sí mi, ó ń ká ìka rẹ̀ kò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Ọjọ́ tí a ká òwú. Ọjọ́ tí a ta á. Ọjọ́ tí a fi í bọ òfì." Ó ká ìka mẹ́rin mọ́ ọn fún híhun, ọ̀kan fún rírán. "Ọjọ́ mẹ́jọ ni èyí, ọmọ mi. Èwo ni kí n yọ níbẹ̀?"

Mo wo ìka rẹ̀. Mo rántí ìyá tó ń yí iṣu lórí àpáta, tí kò ka ọjọ́ tirẹ̀ rárá, tó kó gbogbo rẹ̀ fún oòrùn. Mo rántí pé gbogbo ẹ̀lùbọ́ tí mo ti rà láyé mi, mo ná an.

Mo ka owó náà pé, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì fún un. Ọmọbìnrin náà kò gbójú sókè, ọ̀kọ̀ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀, òkúta tó wà lópin òwú rẹ̀ sì tún wọ́ díẹ̀ bọ̀ wá bá a.